Wọ́n Ti Jáde

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọwọ́ ọ̀dà dúró ná. Mo gbọ́ pé ẹ ti ra ọ̀dà, ẹ ti yá àkàbà, ẹ sì ti fẹnu kò pé ọjọ́ Sátidé ni ẹ máa kọ orúkọ mi sára ògiri ọ̀nà kóóró ẹ̀yìn ilé wa, kí gbogbo ẹni tó bá ń gbabẹ̀ kọjá lè mọ̀ pé ọ̀nà Màmá Aránṣọ ni. Ẹ ṣeun. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba oore yìí, èmi gan-an ló máa di ọlọ́ṣà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pé ọdún márùndínlógójì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti sá kọjá ogún, ó ti sá kọjá ọgbọ̀n, mo ti ń rò pé bóyá ẹsẹ̀ ń dun òtítọ́ ni. Lóṣù tó kọjá, dókítà fi àwòrán inú mi hàn mí, ó ní kókó kan wà lára ẹ̀dọ̀ mi, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń to ẹyin. Mi ò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá kú báyìí, ẹ ó sin mí bí ènìyàn rere, ọmọ Bàbá Aláago á dúró níwájú yín, á sì máa sunkún ìyá. Mi ò lè gba ẹkún yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ló kù fún mi láyé, òun náà sì ni mo ṣẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí, èmi fúnra mi ni mo sì máa kà á sí yín létí.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ ilé tí mò ń sọ. Ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí báyìí, níwájú ọ̀nà kóóró yẹn, ló wà. Ilé alájà mẹ́ta ni, yàrá méjìdínlógún, balùwẹ̀ méjì, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo nínú àgbàlá. Ògiri yàrá fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá sín ní yàrá kìíní, ẹni tó wà ní yàrá kẹta á ní “pẹ̀lẹ́ o,” ẹni tó wà ní ìkarùn-ún á sì bi ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì bóyá òtútù náà ti lọ. A mọ ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, a mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá jà, a sì mọ ohun tó wà nínú ìkòkò gbogbo ilé láìṣí ìdérí. Bí òjò bá rọ̀, oníkálukú mọ ibi tó ń jò nínú yàrá tirẹ̀, á ti gbé abọ́ síbẹ̀ kó tó kán. Ní ti ìta, ariwo kì í dáwọ́ dúró. Ẹni kan ń lu irin, ẹni kan ń polówó ọjà, ọkọ̀ ń fọn fèrè, ọlọ́pàá ń fọn tirẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé àárín ìgboro gbọ́dọ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ bí ẹni tí kò gbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ló máa fọ́ ọ. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ bí a ṣe ń gbé ni o, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi wí àwíjàre. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ bí mo bá fẹ́ wí àwíjàre, nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ mi.

Èmi ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Máṣíìnì ìránṣọ mi wà lójú fèrèsé, kò sì sí ẹni tó lè gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ kí n má rí bàtà rẹ̀. Lókè pátápátá, ní yàrá ẹ̀yìn, ni Bàbá Aláago ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, àti ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá Aláago ló ń tún aago ṣe fún gbogbo àdúgbò. Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Láti ibí lọ, mo máa pe Bàbá Aláago ní “ó” nínú ìwé yìí. Kì í ṣe pé mo rí wọn fín. Wọ́n fi ogún ọdún jù mí lọ, mi ò sì pè wọ́n ní “ó” rí lójú ayé wọn, kódà nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “wọ́n” ti ṣe iṣẹ́ burúkú kan lẹ́nu mi, ẹ ó rí i láìpẹ́, mi ò sì fẹ́ kó tún dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Orúnkún ọ̀tún Bàbá Aláago kò dáa, nítorí náà kì í sábà sọ̀kalẹ̀. Àwọn èèyàn ló ń gbé aago gòkè lọ bá a. Etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa. Aago mọ́kànlá ló wà lára ògiri rẹ̀, kò sì sí méjì tó fẹnu kò nínú wọn. Bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ bá lù lókè, ó máa ń lù fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó tán. Bí mo bá bi í pé èwo ló sọ òótọ́ nínú wọn, á ní, “Aránṣọ, èyí tí olówó rẹ̀ bá ti dé.” Apanilẹ́rìn-ín ni. Bí inú rẹ bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o gbà lọ. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí àwàdà bá ti dé ẹnu rẹ̀, kò lè gbé e mì, ìbáà jẹ́ ìyá tó bí i lọ́mọ ló máa dùn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kí n tó dé orí èyí tó tóbi. Mo máa ń gé aṣọ oníbàárà kù. Bí obìnrin kan bá kó aṣọ ọ̀pá márùn-ún wá, tí mẹ́rin sì tó o, mi ò ní la ẹnu mi. Èyí tó bá ṣẹ́kù, mo fi ń rán aṣọ ọmọdé, mo sì ń tà á ní òpópónà kejì. Aránṣọ wo ni kì í ṣe é? Ẹ ò rí i, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi kan, ìyàwó tíṣà, wá gba aṣọ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ń yí po nínú àgbàlá, gbogbo obìnrin ilé ń yìn ín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni orúnkún Bàbá Aláago gbà fún un kó sọ̀kalẹ̀. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ní, “Ìyàwó tíṣà, aṣọ yìí mà yẹ yín o! Mo rí àbúrò rẹ̀ lánàá láti ojú fèrèsé mi, ara ọmọ oníbúrẹ́dì ló wà.” Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wọlé lọ bọ́ aṣọ náà, ó sì sọ ọ́ sórí máṣíìnì mi. Kí ọjọ́ náà tó parí, Bàbá Aláago ti sọ mí lórúkọ: Agékù. “Agékù, o kú iṣẹ́ o!” Àwọn ọmọ ilé gbé e, wọ́n ń fi ṣeré. Ẹ rántí bí ògiri wa ṣe rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orúkọ náà ti dé òpópónà kejì, máṣíìnì mi sì ti tutù. Ẹni tó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ ń gba iwájú ilé mi lọ bá aránṣọ mìíràn, á sì wo ibòmíì bó bá dé ojú fèrèsé mi.

Ì bá sàn kí n bá a jà. Bí mo bá gòkè lọ, tí mo bú u, tí òun náà bú mi, ilé á là wá níjà, á sì tán síbẹ̀. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ẹni tí wọ́n bá sọ òótọ́ mọ́ kì í rí ẹnu jà. Dípò bẹ́ẹ̀, mò ń kí i. Láràárọ̀, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Lálaalẹ́, “Ó dàárọ̀ o, sà.” Ẹnu mi ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń hó. Mò ń wá ọjọ́ kan tí gbogbo ilé máa fi òun náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan péré, ohun tí mo fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́run ẹlẹ́rìí mi. Bóyá kí n má tiẹ̀ pe Ọlọ́run sí i.

Ògiri ẹ̀yìn ilé wa ti sán láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí n tó dé ibẹ̀. Lọ́dọọdún ni onílé máa ń rán ẹni tó máa fi sìmẹ́ńtì dí i, lọ́dọọdún náà ló sì ń la ẹnu padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti wá fọn fèrè pé kí gbogbo wa jáde, ilé fẹ́ wó. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kó ìkòkò àti ẹní jáde, a dúró sínú oòrùn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wá, ilé kò wó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tó wó ni àpótí owó Káfíńtà ará ilé wa, nítorí olè wọlé nígbà tí a wà níta. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dé lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sí ẹni tó sáré. Ọjọ́bọ̀ ni, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko kí ọjọ́ náà tó mọ́. Ìyá Àgbà ti jáde ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, báàgì lọ́wọ́, wọ́n ń lọ fi ojú wọn han dókítà. Ọmọ ti lọ sílé ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì dé ní aago mẹ́wàá. Ọ̀gá wọn dé fìlà kan tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn náà dún, ó sì yára gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó dúró nínú àgbàlá, ó fọn fèrè, ó kígbe pé, “Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bọ́ síta o! Ẹ má mú ohunkóhun!” A jáde, kálukú ń kùn. Bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn mi, mo gbọ́ tí àwọn aago òkè ń lu mẹ́wàá, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Mo gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀. Mo gbọ́ ikọ́ Bàbá Aláago. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ibí yìí mú gírígírí: mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a pé jọ sódì kejì òpópónà, ọ̀gá náà mú ìwé jáde, ó ń pe yàrá kọ̀ọ̀kan. “Ìsàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún?” “A wà níbí.” “Òkè kìíní, ojú pópó?” “Èmi rèé.” Ó pè, ó pè, ó dé òpin. “Òkè pátápátá, yàrá ẹ̀yìn?” Mo wò yíká. Kò sí ẹni tó tíì dáhùn. Mo rí i lójú ọkàn mi bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe máa fi okùn di ẹnu ọ̀nà, tí Bàbá Aláago máa sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú orúnkún rẹ̀, tó máa bá gbogbo ilé lófìfo, tó máa wá yọ orí láti ẹnu ọ̀nà, fìlà ọ̀gá á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, gbogbo àdúgbò á sì rẹ́rìn-ín títí. Orúkọ tí mo máa sọ ọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo la ẹnu, mo ní, “Wọ́n ti jáde.” Ìyàwó Káfíńtà, tó dúró tì mí, gbà á lẹ́nu mi. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà rí wọn láàárọ̀. Báàgì wà lọ́wọ́ wọn.” Ọ̀gá náà fa ìlà sínú ìwé rẹ̀, ó sì ká a.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa, ẹ rí ibi tí mo fi í pamọ́ sí. Àgbà kan jáde, “wọ́n ti jáde.” Èèyàn mẹ́wàá jáde, “wọ́n ti jáde.” Ìyá Àgbà ni Ìyàwó Káfíńtà rí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ló ń sọ, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ bí ọmọlúwàbí. Ọ̀gá gbọ́ pé gbogbo ará yàrá náà ti lọ. Èmi nìkan ni mo mọ ìtumọ̀ méjèèjì, mo sì dúró láàárín wọn, mo dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bá mi wí, mo ti mọ ohun tí mo máa sọ. Ìyẹn ni pé kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu mi ni mo ti rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mo máa gbà sá. Ẹni tó ṣèèṣì kì í wá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ ni, bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó tó wákàtí kan tí a dúró. Òjò tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo sì rántí aṣọ oníbàárà mi kan ṣoṣo tó kù, tí mo sá sórí okùn ní ọ̀nà kóóró ẹ̀yìn ilé. Okùn tí àwọn òṣìṣẹ́ so, iwájú ilé nìkan ló wà, nítorí kò sí àlejò tó mọ̀ pé ọ̀nà wà lẹ́yìn. Mo yọ́ lọ. Bí mo ṣe ń ká aṣọ náà, fèrèsé ṣí lókè. Bàbá Aláago yọ orí síta, awò kékeré tó fi ń wo inú aago ṣì wà lójú rẹ̀ kan. Ó ní, “Aránṣọ!” Kò pè mí ní Agékù. Ó ní, “Kí ló dé tí gbogbo ilé dákẹ́ báyìí? Ṣé kò sí nǹkan?” Ẹ wò ó, Ọlọ́run tún ilẹ̀kùn ṣí fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Gbólóhùn kan péré ni: ẹ sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Mo wo òkè. Mo rántí aṣọ tí wọ́n sọ sórí máṣíìnì mi. Mo rò ó pé bí mo bá ní kó sọ̀kalẹ̀ báyìí, á bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé ta ló ní òun ti jáde. Mo dáhùn pé, “Omi ni, sà. Wọ́n ti pa omi, wọ́n ń tún páìpù ṣe, gbogbo wa ń dúró níta.” Ó ní, “Háà. Ṣé á pẹ́?” Mo ní, “Kò ní pẹ́, sà.” Ó ní, “Ó dáa. Bí o bá ti ráyè, gòkè wá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ojú lọ̀rọ̀ wà.” Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n kó aṣọ yìí wọlé ná, sà.” Ó ti fèrèsé. Àbí ẹ rí irú mi? Mò ń pa á, mo sì ń pè é ní sà.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti padà sódì kejì, aṣọ wà ní èjìká mi. Ilé náà kò wó bí mo ṣe rò pé ilé máa ń wó. Kò kọ́kọ́ pariwo. Ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó bí àgbàlagbà tó ti rẹ̀, ariwo ló wá tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni eruku bo gbogbo òpópónà. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ pé Ọlọ́run ṣeun, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Ọwọ́ mi yìí ni. Ìgbà tí Ìyá Àgbà dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, bándéèjì lójú kan, ni wọ́n bi ọ̀gá náà pé, “Àbúrò mi dà?” Ọ̀gá ní, “Ìyá, wọ́n ní ẹ ti jáde.” Ìyá Àgbà ní, “Èmi ni mo jáde! Èmi nìkan ni mo jáde!” Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Irọ́ náà ti múra sílẹ̀, ó fò jáde: “Yéè! Ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn, Ìyá! Ẹ̀yin ni mo pè ní wọ́n!” Mo sì ṣubú lulẹ̀. Ìṣubú yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn o. Ọmọ náà dé láti ilé ìwé ní aago méjì, ó rí èrò, ó rí òkìtì, ó sì wá di etí aṣọ mi mú nítorí pé èmi ni ojú tó kọ́kọ́ mọ̀. Aago mẹ́rin ni wọ́n tó gbé bàbá rẹ̀ jáde.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì, wọ́n bi mí, mo sọ tẹnu mi. Alága wọn mi orí, ó ní, “Obìnrin yìí kò purọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ló ṣì í lọ́nà.” Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ń ní kí n má ba ara mi nínú jẹ́, pé ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa ló lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ìyìn ni wọ́n fi bo òkú náà. Ìyàwó Káfíńtà ni kò rí ìyìn gbà. Kò sí ẹni tó bá a wí, ṣùgbọ́n òun ló bá ara rẹ̀ wí. Á wá jókòó lẹ́bàá máṣíìnì mi nínú yàrá tuntun tí mo gbà ládùúgbò, á ní, “Aránṣọ, bí mi ò bá fi tèmi kún un, ọ̀gá ì bá tún bèèrè.” Èmi á ní, “Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èèyàn ò mọ̀.” Ọdún méjìlá ló fi sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ wọ inú ibojì. Gbólóhùn kan láti ẹnu mi ì bá sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ fún un, mi ò sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ tí ẹ wà níbí, ìyá yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òótọ́ ni ìyá yín sọ.

Ní ti ọmọ Bàbá Aláago, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe di ọmọ mi. Ojú Ìyá Àgbà ń ṣú, ara wọn kò le mọ́, ọmọ ń jẹun lọ́dọ̀ mi, ó ń sùn lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo rán gbogbo aṣọ ilé ìwé rẹ̀, mi ò sì gé ìwọ̀n ìka kan kù nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gé aṣọ ẹnikẹ́ni kù mọ́, bí ẹni pé aṣọ ni mo jí. Ẹ ń sọ pé mo ṣe oore. Ní ọdún kìíní, ẹ̀rù ló ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ràn ọmọ náà, ìyẹn ló sì wá burú jù, nítorí ẹni tí mo fẹ́ràn ni mò ń tàn jẹ níjoojúmọ́. Iṣẹ́ ilé yíyẹ̀wò ló ń ṣe báyìí. Kì í dúró nínú àgbàlá bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń gun gbogbo àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, ó ń kan gbogbo ilẹ̀kùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń pẹ́ jù. Bó bá ń sọ fún mi, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí ni mo sọ fún un. Ó gbé oògùn mi wá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá mi ká aṣọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìdánudúró, ti fèrèsé, ti páìpù, títí dórí pípàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ tó ń ká. Ó ní, “Kí ni wọ́n sọ gẹ́lẹ́ kí wọ́n tó ti fèrèsé?” Mo sọ fún un: “Bí o bá ti ráyè, gòkè wá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ojú lọ̀rọ̀ wà.” Ó ní, “Ọ̀rọ̀ wo?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “O ò gòkè lọ gbọ́.” Ọdún márùndínlógójì ló ti ń pè mí ní “ẹ,” láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, kódà nígbà tí inú bá ń bí i. “O ò gòkè lọ gbọ́.” Mo ní, “Mi ò lọ.” Ó parí aṣọ tó ń ká, ó gbé e lé orí èyí tó kù, ó dìde. Ó ní, “Sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Sọ gbogbo rẹ̀. Oògùn yìí, méjì láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, má lò ó láìjẹun.” Ó sì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan sí i. Ilé kún àdúgbò yìí tí ògiri wọn ti sán, fèrè á sì tún dún. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló kù nínú ilé, ẹ má fi “wọ́n” dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ sọ iye èèyàn. Ẹ sọ ẹni tí ẹ rí, ẹ sì sọ ẹni tí ẹ kò rí. Bí ẹnìkan bá sì ṣẹ̀ yín, ẹ lọ bá a jà kó mọ̀ pé ìjà ni, ẹ má ṣe máa kí i. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọ̀bẹ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni má rí i. Bí ẹ bá fẹ́ lọ fi mí sun ọlọ́pàá, ẹ lọ, mo wà nílé. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ ṣeun, bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ̀yin náà jàre.

Ìwọ ọmọ Bàbá Aláago, mi ò mọ̀ bóyá o wà láàárín àwọn tó ń gbọ́ mi. Mo bẹ bàbá rẹ, mo sì bẹ̀ ọ́. Mi ò ní kí o máa pè mí ní Màmá mọ́, mi ò sì ní kí o fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ fún ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún mi. Máa pè mí ní “o.” Ẹni tí a bá ń pè ní “o,” a ṣì ń bá a sọ̀rọ̀.